Aago Mọ́kànlá Ku Ìṣẹ́jú Mẹ́tàlá

Abọ́sẹ̀dé tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀,
ojú ẹ̀rọ ṣú, bí ẹni ṣẹ́jú,
ó sì tún gbé ojú àkọ́kọ́ padà fún un:
orúkọ rẹ̀, àpótí funfun, *wọlé*.
Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹfà.
Ẹ̀rọ kò sọ pé ó ṣì í.
Ká ní ó ṣì í ni, á sọ.
Ó kàn ń mú un dé iloro, ó ń sìn ín jáde,
bí àlejò tí wọn ò lé, tí wọn ò sì fún ní àga.

Níta, ní Ìsánlú, àpò kajú ti tò dé etí títì,
ọyẹ́ ti da eruku pupa sórí ìwọ̀n.
Àwọn àgbẹ̀ jókòó lórí àpò wọn;
owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn.
Kálukú ló ti mọ ohun tó fà á.
Bàbá kan ní iná ọba ni, tìbínú-tìbínú ló fi dé lánàá.
Ẹnìkan ní kí wọ́n lọ ra tuntun ní Lọ́kọ́ja.
Àwọn tó kù ń wo Jọláadé, ọmọ tó ń gbálẹ̀,
nítorí wọ́n ti bá a nídìí rẹ̀ rí.
Èmi náà wò ó. N ò ní purọ́.

"Okun o," ni wọ́n kí mi. Mo gbé àpò irinṣẹ́ kalẹ̀.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé: ìka mẹ́ta lórí bọ́tìnnì,
àwọ̀ àti àwòrán kúrò lójú rẹ̀,
ó ku òkùnkùn, ó ku lẹ́tà funfun,
ó ku ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú.
Ibí ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀rọ jù,
níbi tí kò ti tíì múra.
Mo ní kó ka ìwé ìrántí rẹ̀ fún mi.

Ìgbà tí wọ́n tàn án. Ìgbà tí iná lọ láì dágbére.
Ìgbà tí ẹnìkan ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tún fà á yọ.
Ìlà ẹgbẹ̀rún méjì, kò sí "bóyá", kò sí "wọ́n ní".
Mo fi ìka tọ òwúrọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ:
ó ṣílẹ̀kùn fún Abọ́sẹ̀dé, ó mọ̀ ọ́n,
Abọ́sẹ̀dé nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ inú yàrá ara rẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ ní: ìwọ kọ́ lo ni mí.

Orúkọ gbòǹgbò ló wà lára rẹ̀,
ọ̀gá pátápátá, ẹni tí à ń dà
nígbà tí a kò bá fẹ́ kí ohunkóhun sọ fún wa pé rárá.
Ta ló dà á?
Mo yí ìwé padà sí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.
Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.
*ajiboye*,
láìsí àmì ohùn, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń kọ orúkọ wa,
bí ẹni tó ń peni láì mọ ohun tí bàbá ẹni ní lọ́kàn.

Àjíbóyè. Èmi ni.
Ọjọ́ tí mo wá so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn,
tí ọ̀kadà ń dúró dè mí, tí mo ń kánjú lọ sí Mọ̀pà,
mo gbé ẹ̀wù ọ̀gá wọ̀ nítorí iṣẹ́ kékeré,
mo sì fọwọ́ ọ̀gá kan kọ́kọ́rọ́ onílé.

Ìwé náà kò bínú. Èyí ló burú níbẹ̀.
Ì bá bínú, mà bá bá a jà.

Ìlà kan ṣoṣo ni àtúnṣe.
Abọ́sẹ̀dé tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ dé.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin yọ nínú aṣọ àgùnbánirọ̀,
ẹ̀rín rẹ̀ kún ojú ẹ̀rọ bámúbámú.
"Kí ló ṣe é?"
Iná ọba ti dé ètè mi. Ó rọrùn;
iná ọba kò ní agbẹjọ́rò.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, nǹkan kan ṣì ń kọ.

"Èmi ni," mo wí. "Ní Ọjọ́bọ̀."

N ò gbowó. Jọláadé gbé àpò irinṣẹ́ mi dé ìdí ọ̀kadà.
Kò bá mi sọ̀rọ̀.
Ó fi rọ́bà dì í mọ́ ẹ̀yìn,
ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì.